Màmá Lọ́yà, Agbẹnusọ Àdúgbò

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ìyá àgbà mi kú, áfà tí wọ́n pè wá ṣe wáàsí fidáù wọn dìde dúró níwájú ilé wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ó tún láwàní rẹ̀ ṣe, ó sì sọ fún gbogbo èèyàn pé ìyá tí a wá ṣàdúrà fún yìí, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, onírẹ̀lẹ̀, ẹni tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíràn wúkọ́ tẹ̀lé e. Kí áfà náà tó ka ẹsẹ Kùránì tó kàn, gbogbo ìlà ẹ̀yìn ti ń wúkọ́ bí ẹni tí ata pá lórí. Ìyá Sùkúrá, aládùúgbò wa tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Áfà náà kò jẹ̀bi. Dópẹ́mù ni wọ́n ti gbà á wá, kò mọ̀ wọ́n rí. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ohun tó sọ náà ni wọ́n máa ń sọ nípa gbogbo ìyá arúgbó tó bá kú. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá àgbà mi wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá dá a dúró. Wọn ì bá ní, "Áfà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́." Wọn ì bá sì bá a ṣe wáàsí náà dé òpin, wọn ì bá bá a ṣe àdúrà, wọn ì bá tún kéde pé kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dí ojú ọ̀nà lọ sún un. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìyá oníyàá rọ́pò ìyá àgbà mi.

Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Àdúgbò ń pè wọ́n ní Màmá Lọ́yà. Wọn ò ka ìwé òfin kankan o. Ìwọ̀nba Kùránì tí wọ́n fi ń kírun ni gbogbo ìwé wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé tí bàbá àgbà mi kọ́ sílẹ̀ kó tó kú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, síìpù, àti gbogbo nǹkan tí àwọn télọ̀ máa ń wá kiri. Ẹni tó bá wá ra òwú pupa, kó tó la ẹnu, Màmá á ti sọ fún un pé aláwọ̀ ewé ló ń wá. Á gbé aláwọ̀ ewé lọ, á sì délé kó tó rántí pé aṣọ pupa ló ń rán. Ìgbàgbọ́ Màmá ni pé Ọlọ́run dá èèyàn púpọ̀ tó fún wọn lẹ́nu ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi sọ, Ó wá rán àwọn wá sáyé láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Tọkọtaya kan wà láàárín àwọn ayálégbé wa, Bàbá Kúdí àti ìyàwó rẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n bára wọn ṣodì títí ọ̀rọ̀ fi di pé Kúdí ọmọ wọn ló ń jíṣẹ́ láàárín wọn nínú yàrá kan ṣoṣo. Màmá gbé àpótí sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pe àwọn méjèèjì jáde. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan, àwọn á bá wọn rò ó. Wọ́n kọ́kọ́ rojọ́ fún ìyàwó, ó sì dùn gbọ́. Nígbà tó kan ọkọ, Màmá rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ti ọkùnrin, wọ́n ní, "Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọbẹ̀ ìyàwó mi dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo."

Bàbá Kúdí fò sókè. "Màmá, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o!"

"O fẹ́ sọ ọ́ ni."

"Màmá, ẹ gbà mí o! Ọbẹ̀ ìyàwó mi dùn!"

"Màmá, irọ́ nìyẹn jàre," ni ìyàwó náà kígbe. "Ọkọ tèmi ò lè sọ irú ìyẹn láéláé. Ẹ má ba tiwa jẹ́ o."

Àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ sí Màmá dáadáa, wọ́n sì jọ wọlé, wọ́n jọ ti ilẹ̀kùn. Màmá gbé àpótí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti ń gbèjà ara wọn."

Èyí tí wọ́n ṣe fún àdúgbò, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún mi. Bàbá mi kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Mọ́mì mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, òpin oṣù ni wọ́n máa ń wá. Èmi nìkan ni ọmọ, èmi nìkan ni ọmọọmọ, Màmá sì gbà mí tọ́ bí ẹni tó gba ẹyin sọ́wọ́. Wọ́n kẹ́ mi, wọ́n gẹ̀ mí, wọ́n sì bá mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ láyé. Bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Kí lorúkọ ẹ?" Màmá á ní, "Rùkáyá ló ń jẹ́." "Ṣé ebi ń pa ẹ́?" "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni." Ebi a sì máa pa mí. Tíṣà mi kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rò pé odi ni mí. Nígbà tí Màmá wá mú mi nílé-ìwé, ó fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi wọ́n pé ṣé ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ó ya Màmá lẹ́nu gan-an. Wọ́n ní, "Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Mo ti wà ńbí."

Ọjọ́ kan wà tí eyín ń dùn mí débi pé mi ò lè jẹ ẹ̀kọ. Màmá mú mi lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó bi mí pé níbo ló ń dùn mí. Màmá ní, "Orí ló ń fọ́ ọ." Ó fún wa ní oògùn orí. Mo lò ó. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bí ẹni tó fi ọsàn sẹ́nu. Màmá tún mú mi padà síbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkùnrin náà jà pé oògùn rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ó wo ojú mi, ó ní, "Màmá, eyín lèyí. Orí lẹ ní kí n tọ́jú." Màmá ò tilẹ̀ ronú kí wọ́n tó dá a lóhùn: "Eyín àti orí, ṣé kì í ṣe ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ni?"

Bí a bá ń lọ sílé-ìwé, etí ìró wọn ni mo máa ń dì mú. Àwọn ọmọ tí mo jù lọ ń dá sọdá títì, wọ́n ń ra bisikíìtì, wọ́n ń bá oníkẹ̀kẹ́ jiyàn. Èmi ń wọ́ tẹ̀lé ìró. Wọ́n sọ mí ní Ìrù Màmá, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi débi pé ọmọ kan pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú tíṣà, tíṣà sì rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé tíṣà ni òun.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló wá le jù. Láti kékeré ni Màmá ti ń bá mi yọ egungun ẹja. Wọ́n á jókòó ti àwo mi nínú ilé ìdáná, wọ́n á fi ìka tú ẹja náà palẹ̀, wọ́n á kó gbogbo egungun dànù kí wọ́n tó pè mí wá jẹun. Èmi ò rí egungun ẹja rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹran ló ń ní egungun, ẹja kì í ní. Màmá wá lọ kí òkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ Ìyá Sùkúrá, tó jẹ́ télọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Ìyá Sùkúrá bu ìrẹsì fún mi, ó gbé ẹja ṣàwá lé e lórí, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Mo ju ẹja náà sẹ́nu lódindi. Nǹkan gún mi. Mo yọ ọ́, mo wò ó: ó tín-ín-rín, ó funfun, ó mú ṣóńṣó. Mo wo yíká, ilé télọ̀ ni mo wà. Mo fi igbe ta.

"Abẹ́rẹ́! Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sínú ẹja!"

Àwọn ọmọ iṣẹ́ sá jáde. Ìyá Sùkúrá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bóyá abẹ́rẹ́ òun kan ti sọnù, ẹ̀rù ti bà á. Ìgbà tí Màmá fi máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́jọ́ kejì, ìròyìn ti pàdé wọn ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Wọn ò gbé báàgì wọn délé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Sùkúrá ni wọ́n gbà lọ tààrà.

"Kí ni mo ṣe ẹ́, Ìyá Sùkúrá? Kí ni mo ṣe ẹ́ tóo fi fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa ọmọ mi? Abẹ́rẹ́ tóo rà lọ́wọ́ mi!"

Ìyá Sùkúrá ti dúró dè wọ́n. Ó ti wé nǹkan náà sínú bébà. Ó tú u. "Màmá Lọ́yà, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé irú abẹ́rẹ́ tí ẹ ń tà nìyí?"

Èrò ti pé. Màmá mú egungun náà, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó síwá, wọ́n wò ó sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ì bá bẹ̀bẹ̀. Màmá dá egungun náà padà sínú bébà, wọ́n fà mí lọ́wọ́. "Ẹja tí èmi ń rà," ni wọ́n wí, "kì í ní irú eléyìí."

Ó yẹ kí n sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wá, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ lásán ló pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀sán kan tí òjò ò jẹ́ kí oníbàárà wá, a jọ ń ṣa bọ́tìnnì, a ń ya ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, Màmá sì sọ ìtàn kan fún mi láìwojú mi. Nígbà tí wọ́n kéré sí mi, wọ́n mú wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá máa bá obìnrin kan gbé ní ìsàlẹ̀ Èkó. Dígí ńlá obìnrin náà fọ́ lọ́jọ́ kan. Ewúrẹ́ ló fọ́ ọ. Ewúrẹ́ náà rí ara rẹ̀ nínú dígí, ó rò pé ọ̀tá dé, ó kàn án. Ojú Màmá ló ṣe. Àwọn àgbà ilé pésẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n mú wá láti òkè ló fọ́ ọ. Wọ́n jiyàn lórí bó ṣe fọ́ ọ, wọ́n jiyàn lórí ìyà tó tọ́ sí i, wọ́n sì fá irun orí Màmá kodoro, wọ́n ní kí Màmá dúró síta kí ará àdúgbò máa wò wọ́n. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn ò sọ pé ewúrẹ́ ni. Wọ́n mú bọ́tìnnì kan, wọ́n gbé e síbi tí kò yẹ kó wà. "Mo wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹnu mi wà lára mi. Ẹnì kankan ò bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Ebi ọ̀rọ̀ tó pa wọ́n ní kékeré ni wọ́n wá ń fi oúnjẹ tiwa pa. Wọ́n búra pé ọmọ àwọn ò ní dúró láàárín èèyàn láìní agbẹnusọ, mo sì ní agbẹnusọ lóòótọ́, tọ̀sán-tòru. Kò kàn wá sí wọn lọ́kàn pé ẹnì kankan ò bi èmi náà.

Mọ́mì mi ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n dé láti Ìbàdàn, wọ́n bá mi lórí àga, Màmá ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

"Màámi, Rùká ò lè dá ra ata. Kò lè dá sọdá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló dì í lẹ́nu?"

"Ẹ̀yin ni!"

Màmá yíjú sí mi, ojú wọn kún fún àánú ara wọn. "Rùká, ṣé mo dì ẹ́ lẹ́nu ni?" Mo la ẹnu. Màmá ti yíjú padà sí mọ́mì mi. "Ṣóo gbọ́? Ó ní rárá."

Ìgbà yẹn ni mọ́mì mi lọ wá ilé-ìwé kan lápá Ìgàndò, tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà, tí wọn kì í wálé àfi ìgbà ọlidé. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé èèyàn láti ilé wa débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún tí Màmá sun, ẹni tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun ni wọ́n máa ń sun ún fún. Ta ló máa yọ egungun ẹja? Ta ló máa bọ́ ìbọ̀sẹ̀? Òórùn ààtàn ńlá tó wà ní Ìgàndò ńkọ́? Òórùn ààtàn náà ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n Màmá ní tiwa yàtọ̀, tiwa ti mọ̀ wá.

Mo yege nínú ìdánwò tí wọ́n fi bíírò kọ, nítorí wọn ò jẹ́ kí Màmá wọlé. Ó ku èyí tí wọ́n máa fi ẹnu ṣe níwájú pírínsípà. Èmi, Màmá àti mọ́mì mi la jọ lọ. Bí a ṣe ń kọjá, mo rí àwọn ọmọbìnrin kan nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń fọ àwo, wọ́n ń jiyàn, olúkúlùkù ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ nǹkan kan rí bí mo ṣe fẹ́ ibẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Pírínsípà náà jẹ́ obìnrin kúkúrú, ó wọ gíláàsì. Ó kọjú sí mi.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Rùkáyá," ni Màmá dáhùn.

"Kí lo fẹ́ràn láti máa ṣe?"

"Ó fẹ́ràn ilé."

"Kí lo fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú?"

"Ẹ̀yin náà, Ọlọ́run ló mọ ìyẹn, ṣé a máa bá Ọlọ́run sọ ọ́ ni?"

Pírínsípà yọ gíláàsì rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin ti yege. Tí ẹ bá fẹ́, a máa rán yunifọ́ọ̀mù fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí, mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀. Ọmọ tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, a ò lè gbà á sínú ọgbà. Ẹrù yẹn ti wúwo jù fún wa. Ẹ mú un padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí kò bá fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, ẹ máa wá ibòmíràn fún un."

Mọ́mì mi ṣíwájú wa jáde. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mọ́tò Ìkòtún ń kọjá lọ, wọn ò sì pariwo. "Màámi, iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mú un wá. Tó bá wù yín, ẹ bá a dáhùn, kò ní wọlé, á máa dì mọ́ ìró yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá kú, ta ló máa bá a sọ̀rọ̀?"

Màmá ò dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó wá ra òwú pupa gbé òwú pupa lọ. Ìyá Sùkúrá sọdá wá bi wọ́n bóyá ara wọn ò yá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgàndò. Ní ẹnu géètì, Màmá ra píọ̀wọ́tà kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á níbẹ̀. Wọ́n fi eyín ya etí rẹ̀, wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n sì na ìyókù sí mi. Mo ń retí kí wọ́n gbé e mì. Wọn ò gbé e mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ síta, wọ́n na ọwọ́ sí iwájú pé kí n máa lọ. Ìgbà yẹn ló yé mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ pé obìnrin tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ jà ni kó bu omi sẹ́nu, kí ọ̀rọ̀ má baà rí ọ̀nà jáde. Màmá ti máa ń fi ìmọ̀ràn náà ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní ẹni tó dá a sílẹ̀ kò mọ̀ pé èèyàn lè gba imú sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé àwọn lè ṣèlérí fún Ọlọ́run, àwọn lè ṣèlérí fún ọmọ àwọn, kí ẹnu àwọn sì dà wọ́n.

A wọlé. Pírínsípà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ilé ńkọ́?"

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ìyà yẹn jẹ́. Wọ́n kí àgbà, àgbà ò dáhùn! Màmá mi orí, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, omi sì sún láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì. Pírínsípà tún kí wọn. Màmá tún mi orí. Ojú obìnrin náà yí padà díẹ̀díẹ̀, mo rí i pé ó ti ń rò pé wọ́n ń bá òun bínú. Ó wò mí.

"Kí ló ṣe Màmá?"

Mo wo Màmá kí wọ́n dáhùn, bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Màmá wo àjà. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà tó lè sọ ọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n ka ìyá àgbà mi sí aláìmọ̀wàáhù níṣojú mi.

"Ẹ má bínú, Mà," ni mo wí. "Wọn ò bínú. Omi ló wà lẹ́nu wọn."

"Omi kí ni?"

"Kí wọ́n má baà bá mi dáhùn."

Pírínsípà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sáré jókòó. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó bi mí lórúkọ, mo sọ ọ́ tán pẹ̀lú orúkọ bàbá mi. Ó bi mí pé oúnjẹ wo ni mo fẹ́ràn jù, mo ní ẹ̀wà. Màmá yíjú wò mí. Ilé wa kì í se ẹ̀wà, nítorí wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé mi ò lè jẹ ẹ́. Ó bi mí pé bí ara mi ò bá yá ńkọ́. Mo ní mà á lọ bá ẹni tó ń tọ́jú wa, tó bá jẹ́ orí, mà á sọ pé orí ni, tó bá jẹ́ eyín, mà á sọ pé eyín ni. Omi díẹ̀ jò ní igun ẹnu Màmá. Wọ́n fi ìborùn nù ún.

Pírínsípà gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Ó ku ẹyọ kan. Mọ́mì ẹ ló mú ẹ wá síbí. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Màmá ló wù ẹ́ láti wà, sọ ọ́. Kò sí ẹni tó máa bá ẹ wí."

Màmá ti kúrò lórí wíwo àjà. Èmi ni wọ́n ń wò, ojú wọn sì ń sọ gbogbo ohun tí ẹnu wọn ò lè sọ, bí wọ́n ṣe máa dá jẹun, bí wọ́n ṣe máa dá ṣa bọ́tìnnì, bí ilé ṣe máa rí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, a máa jọ padà sílé. Mo fẹ́ràn wọn débi pé mo fẹ́ dákẹ́.

"Mo fẹ́ràn Màmá mi," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ wá síbí."

Mo gbọ́ ọ nígbà tí omi náà gba ọ̀fun Màmá kọjá. Wọ́n ti gbé e mì.

Ẹnu wọn ti ṣófo. Kò sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Mo di ojú mi, mo ń dúró kí wọ́n sọ pé ọmọ ò mọ ohun tó ń sọ, pé kò tíì jẹun láàárọ̀, pé ẹ má dá a lóhùn. Pírínsípà náà ń dúró. Ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí.

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?" ló bi wọ́n. "Kí lẹ rí sí i?"

Màmá fi etí ìborùn nu ẹnu, wọ́n sì nu ojú wọn mọ́ ọn.

"Ọmọ ti sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí.